Àpá Abẹ́ Aṣọ Funfun

Ẹ to garawa yín dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ jà nítorí ìlà, kó lọ jà lọ́jà. Omi ìsun yìí tó gbogbo wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ló kàn mú un lọ́rùn díẹ̀, kí garawa ogún tó kún, oòrùn yóò ti yẹ̀ kúrò lórí àpáta. Dípò kí ẹ máa wo ara yín bí ẹní gbé ọ̀rọ̀ sínú, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan gba ojú yín kúrò lára kẹ́ẹ̀gì.

Ìtàn ọdẹ kan ni. Ọdẹ́jídé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìdí-Àpáta níhìn-ín ni. Ẹfọ̀n mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá húkọ́ nínú igbó, àgbọ̀nrín á dìde kí i. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ mọ̀ pé Ọdẹ́jídé náà kò jìnnà sí yín, òun ló jókòó sórí òkúta yìí pẹ̀lú fìlà abetí-ajá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdí tí mo fi ń pè é lórúkọ bí ẹni tí kì í ṣe èmi. Bí ìtàn bá parí, ẹ ó mọ ìdí náà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ náà kò jìnnà. Òun ló ń rán òfì lábẹ́ igi ọdán yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ òfì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí kí n tó máa lọ. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni ahunṣọ ń hun, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹlòmíràn ni yóò rán fọ́nrán mẹ́wàá tàbí ogún pọ̀ kó tó di ìró. Iṣẹ́ Àwẹ̀ró nìyẹn. Bí ó bá rán aṣọ, ìlà pupa tó wà lára fọ́nrán kan a bá ìlà pupa ti èkejì mu, a rìn já aṣọ náà láìfò. Bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ bá rán an, ìlà á rìn dé ojú ìrán, á sọnù, á tún yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fi í sí. Ẹ gbé èyí sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ mì ní ìdájí ọjọ́ kan. Àpáta wa kùn bí àgbàlagbà tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní. Ìkòkò fọ́, ògiri méjì wó, kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn obìnrin gbé ìkòkò dé ibi ìsun ní òwúrọ̀, ẹnu ìsun ti gbẹ. Wọ́n dúró dúró, omi kò wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn àgbà ìlú pàdé, wọ́n ní bí omi kò bá padà títí iṣu tuntun yóò fi jáde, gbogbo ìlú yóò kó lọ sí etí Odò Àgọ́ọ̀.

Oyún oṣù márùn-ún wà nínú Àwẹ̀ró nígbà náà. Oyún àkọ́kọ́ tí yóò dúró ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tí àwọn àgbà pàdé yẹn, ó jáde lọ dúró níwájú àpáta, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó títí.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ wo ìlà funfun ara àpáta yìí, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kò bá ara rẹ̀ mu mọ́. Ó ti fò, bí òfì tí aláìmọ̀ṣẹ́ rán."

Ọdẹ́jídé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni."

Ó ti pinnu ohun tí yóò ṣe. Bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ sọ fún un rí pé gbogbo òkúta ayé ní ìyá kan, pé ìyá náà ń gbé níbi tí ayé parí sí, níbi tí omi ti ń le bí òkúta. Ọdẹ́jídé ní òun yóò lọ bi ìyá náà léèrè ibi tí omi ọmọ rẹ̀ gbà lọ. Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún.

"Ẹ dé kí n tó bí. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọmọ yín lórúkọ."

Ọdẹ́jídé fa okùn jáde nínú àpò ọdẹ. Àwa ọdẹ ìhín, bí oòrùn bá wọ̀ la ń ta kókó kan sókùn. A kì í ta á ní òwúrọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá nínú igbó, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá, kì í ṣe kó máa ka ọjọ́. "Wo okùn yìí," ó ní. "Oṣù mẹ́rin ló kù. Kókó ọgọ́rùn-ún kò ní pé tí n ó fi dé. Bí mo bá purọ́, kí ajá mi máà dá mi mọ̀ mọ́." Àwẹ̀ró fọwọ́ kan okùn náà, ó sì wọlé lọ bá abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ẹnu ìsun tó gbẹ ni Ọdẹ́jídé gbà wọlé. Ó fi àyà wọ́ nínú òkùnkùn àpáta, ìbọn níwájú, àpò lẹ́yìn. Ọ̀nà inú àpáta kò ní àárẹ̀, kò sì ní oòrùn. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lálàá, tí ẹsẹ̀ ń lọ tí ara kò mọ̀. Gbòǹgbò igi ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa òjò ọdún tó kọjá. Ó kí wọn. Wọ́n dáhùn. Nígbà tó yọ sí ìta, ó rí i pé òun dúró ní ẹnubodè ìlú kan tí ohun gbogbo ti dà gẹ̀rẹ̀.

Ilé dà gẹ̀rẹ̀. Igi dà gẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ inú àwo wọn kò dọ́gba, apá kan ni ẹran máa ń wà, apá kejì ni omi. Ẹsẹ̀ òsì gbogbo ará ìlú náà kúrú ju ọ̀tún lọ, kí wọ́n lè dúró tọ́. Oníbodè, ẹbọra onírùngbọ̀n kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́, nàka sí òkè tí ìlú náà wà lórí rẹ̀.

"Àlejò," ó ní, "ẹ̀yìn òkè wa tẹ́ pẹ̀lẹ́, ènìyàn lè dùbúlẹ̀ kó yí títí dé ìsàlẹ̀. Iwájú rẹ̀ ga ṣánṣán, ewúrẹ́ kò lè gùn ún. Kí ló fà á? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a ó gé díẹ̀ lára ẹsẹ̀ òsì rẹ, kí o lè bá wa gbé."

Ẹ̀yin ènìyàn, ọdẹ mìíràn ì bá ti sá. Ẹ wò mí dáadáa, ṣé ẹsẹ̀ mi kò dọ́gba? Ọdẹ́jídé rántí ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ tó wó lulẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n ki igi bọ abẹ́ etí rẹ̀ láti gbé e sókè.

"Ẹnìkan ló gbé e létí kan," ó ní. "Ilẹ̀ yín jẹ́ ilẹ̀kùn. Agbára kan nísàlẹ̀ ki igi bọ̀ ọ́ lábẹ́, ó gbé iwájú sókè, ẹ̀yìn wá ń dà lọ pẹ̀lẹ́. Ibi tó ga ṣánṣán yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti ya."

Oníbodè náà sunkún ayọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní láti ayé bàbá bàbá àwọn ni àwọn ti ń rò pé àwọn ṣẹ̀ ni. Wọ́n fún Ọdẹ́jídé ní ẹ̀wù tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe, ó nípọn tó matírẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní yóò wúlò fún un níwájú.

Níwájú ló ti rí apẹja kan lórí òkè. Ẹbọra ni òun náà. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkarahun òkun kún ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n òkun fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ réré. Láàárín òkè yẹn àti òkun, etíkun àtijọ́ tò léra wọn bí àtẹ̀gùn, iyanrìn ní ìpele kan, ìkarahun ní ìpele kejì. Apẹja náà kò bínú, ó kàn ń ronú.

"Ọmọ ènìyàn," ó ní, "etí omi ni mo so ọkọ̀ mi mọ́. N kò kúrò lójú kan. Òkun ní òun náà kò lọ ibì kankan. Ta ni nínú wa ló ń purọ́?"

Ọdẹ́jídé wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí ẹrù kankan lórí ilẹ̀ yìí rí?"

"Yìnyín wà níbẹ̀. Ó ga tó òkè méje. Ó ti yọ́ lọ."

"Kò sẹ́ni tó purọ́. Aláàárù tó bá gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà. Ilẹ̀ ló ń na ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gbé yín lọ sókè díẹ̀díẹ̀."

Apẹja náà mí kanlẹ̀. Ó ní ó dára bí kò bá jẹ́ pé òkun ló kọ òun. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi Ọdẹ́jídé sínú ọkọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í. Ọkọ̀ náà yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́ lórí ilẹ̀ funfun, kò sí omi lábẹ́ rẹ̀, kò sì dúró títí ó fi dé ibi tí ayé parí sí.

Mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń húkọ́. Ó ń sọ fún mi pé kí n má fi ẹnu gun òkè jù. Mo ti gbọ́.

Ibi tí ayé parí sí, ó funfun dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ wúwo létí. Èémí ènìyàn á jáde lẹ́nu bí èéfín, á dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń ro ibi tí yóò lọ. Òkè wà níbẹ̀, òkè lẹ́yìn òkè, wọ́n da aṣọ funfun bò wọ́n, orí wọn àti èjìká wọn nìkan ló yọ síta, dúdú àti pupa. Oòrùn sì wà lójú sánmọ̀, kò ga, ó kàn ń yí ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ìyá òkúta jókòó sáàárín àwọn òkè náà. Etí aṣọ tirẹ̀ gan-an ló bo gbogbo wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọdẹ kan tò sí, tó ogún, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, yìnyín ti bò wọ́n látòkè délẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀. Ọdẹ́jídé dọ̀bálẹ̀. Ó sọ ohun tó gbé e wá.

"Àpáta ìlú rẹ ni àbígbẹ̀yìn mi," ìyá náà ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo gbọ́ nígbà tó mì. N ó sọ ibi tí omi rẹ wà fún ọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́. Àwọn òkè pupa méjì yẹn, ọmọ mi ni wọ́n. Ọ̀kan ni wọ́n nígbà tí mo bí wọn. Ilẹ̀ abẹ́ wọn jà, ó fà wọ́n ya, ọ̀kan wọ́ ara rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún. Ojú ibi tí wọ́n ti ya ń dùn wọ́n. Mò ń gbọ́ ìkérora wọn, mo sì fẹ́ gbé ọwọ́ lé e, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tí mo ti da aṣọ bò wọ́n, n kò mọ ibi tí àpá náà wà mọ́. Fi hàn mí. Ìgbà mẹ́ta ni o lè nàka. Àwọn tó kúnlẹ̀ yìí náà nàka."

Ọdẹ́jídé kò gbọ̀n. Ó dára, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n òtútù ni. Ó rìn káàkiri àwọn òkè náà. Ó rìn títí, oòrùn kò wọ̀. Ó jẹun, ó sinmi, ó tún rìn, oòrùn ṣì ń yí ká. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ ibí yìí mà gùn o. Nígbà tó yá, ó rí àfonífojì ńlá kan tó la àárín òkè kọjá, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú mẹ́ta lè sùn sínú rẹ̀. Ó nàka sí i.

"Rárá," ìyá náà ní. "Ibẹ̀ ni mo máa ń wọ́ etí aṣọ mi gbà lọ sínú òkun. Aṣọ ló gbẹ́ ẹ. Ṣé o kò rí i pé inú rẹ̀ rí roboto bí inú ọpọ́n? Ọ̀nà ni, kì í ṣe àpá."

Yìnyín mú Ọdẹ́jídé dé orúnkún. Ìgbà yẹn ni oòrùn tó wọ̀. Ó ta kókó kan sókùn, oorun sì gbé e lọ nínú etí aṣọ ìyá náà. Ó sùn, ó lálàá, ó jí, ilẹ̀ kò mọ́. Ó tún sùn. Àwọn ìmọ́lẹ̀ tútù bí ewé ń jó lókè orí rẹ̀, aláwọ̀ ewéko àti elésè àlùkò, láìsí ìró kankan. Ó rí Àwẹ̀ró nínú oorun rẹ̀, ó ń rán aṣọ tí kò lópin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi orúnkún líle wọ́ ara rẹ̀ kiri. Ní ọjọ́ gígùn kejì yìí, ó nàka sí ibi tí òkè ti mú ṣóńṣó tó sì rí págunpàgun, ó ní ohun tó bá fọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.

"Òtútù ló jẹ ẹ́," ìyá náà ní. "Omi ń wọ ojú òkúta, á dì, á fẹ̀, á fọ́ ọ. Bí eku ṣe ń jẹ iṣu ló ń jẹ àwọn ọmọ mi. Eyín nìyẹn, kì í ṣe àpá."

Yìnyín mú un dé ìbàdí. Oòrùn wọ̀. Ó ta kókó kejì pẹ̀lú ìka tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù bà á, n kò ní tàn yín. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú ni. Ó ń rò pé ọmọ òun yóò dé ayé, yóò wo ojú gbogbo ènìyàn tó yí i ká, tirẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Ó wo àwọn ọdẹ tó kúnlẹ̀. Ó rí i pé gbogbo wọn nàka sí ohun ńlá, ìka wọn ṣì nà síbẹ̀: àfonífojì tó fẹ̀ jù, òkè tó ga jù, ihò tó jìn jù. Bẹ́ẹ̀ làwa ọdẹ rí; ẹran ńlá ni ojú wa máa ń wá.

Ibẹ̀ ló ti rántí ọjọ́ kan tí oníbàárà gbé ìró òfì kan tọ Àwẹ̀ró wá, tó ń bínú pé aṣọ náà kò dára lójú, tí kò sì mọ ohun tó ṣe é. Ọdẹ́jídé wo ibi tó ya létí, ó ní ibẹ̀ ni. Àwẹ̀ró kò wo ibẹ̀ rárá. Ó mú ìlà kan, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó ń tọ̀ ọ́ lọ, títí ìlà náà fi sọnù lábẹ́ ìka rẹ̀. "Ìrán yìí ni," ó ní. Ó tú u, ó fa fọ́nrán náà sókè ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, gbogbo ìlà sì bá ara wọn mu.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, Ọdẹ́jídé kò rìn kiri mọ́. Ó mú ìlà kan. Òkúta dúdú kan wà tó la ara òkè pupa àkọ́kọ́ kọjá bí ìlà ara aṣọ. Ó fi ojú tọ̀ ọ́ lọ, ìlà náà rìn, ó rìn, ó sọnù. Ó wá a kiri títí ó fi rí i lára òkè kejì, lọ́hùn-ún ní apá ọ̀tún, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Odò yìnyín kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbọọrọ. Nígbà tó dé ibi kan náà, ó yà sọ́tùn-ún lójijì, ó rìn díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀ ní gbọọrọ. Ẹ̀ka òkè mẹ́rin ló parí síbẹ̀, orí gbogbo wọn gé pẹlẹbẹ bí orí iṣu tí wọ́n fi àdá bẹ́. Adágún omi kéékèèké sì tò lọ láàárín wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Kò sí èyí tó ga nínú wọn, kò sí èyí tó fẹ̀.

Ó nàka. "Ìyá, ìrán nìyẹn. Kò fẹ̀ ju ọ̀nà òkété lọ."

Ìyá náà ká etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ojú ibẹ̀, ìkérora tó ti ń dún sí i létí láti ọjọ́ yìí wá dáwọ́ dúró. Ìyá náà sunkún. Omijé rẹ̀ gbóná, ó yọ́ yìnyín kúrò ní ìbàdí ọdẹ náà, ó ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kúnlẹ̀, ìka wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn wọ̀. Ọdẹ́jídé ta kókó kẹta.

"Omi rẹ kò kú," ìyá náà ní. "Padà lọ, kí o wo ilé bí o ṣe wo ibí."

Inú bí Ọdẹ́jídé. Ṣé nítorí àtiwá gbọ́ pé kí òun padà sílé ni òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín? Àgbà kò ní parọ́ fún yín, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àbùkù. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń wo okùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ni kókó wọ̀nyẹn?"

"Ọjọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ yín ni, Ìyá. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

Ìyá náà fọwọ́ kan okùn náà. Àánú wà lójú rẹ̀. "Ọmọ mi," ó ní, "ọjọ́ tèmi àti ọjọ́ tìrẹ kò gùn bákan náà. Máa sáré."

Ó sáré, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló mú un sáré. Ó ń kọrin nínú àpáta. Ó ń sọ fún àwọn gbòǹgbò pé ọjọ́ mẹ́ta péré, pé ikùn ìyàwó òun kò tíì tóbi ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn gbòǹgbò kò dáhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tó yọrí jáde ní ẹnu ìsun, koríko ga tó ìbàdí rẹ̀. Koríko wà lójú ọ̀nà, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ènìyàn, ó wà nínú ọjà níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ata. Ó pe orúkọ aládùúgbò rẹ̀, aláǹgbá ló sá jáde. Ilé kan ṣoṣo ni èéfín ti ń jáde ní gbogbo Ìdí-Àpáta. Ilé tirẹ̀ ni.

Ọmọdébìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di igbá mú. Yóò ti tó ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀ dáadáa. Ó wo ọkùnrin ẹlẹ́wù ìyẹ́ náà, ó ju igbá sílẹ̀, ó sáré wọlé.

"Ìyá, ẹbọra kan wà níta."

Àwẹ̀ró jáde. Ó ti rù. Ọ̀dá omi ti la ètè rẹ̀. Ó dúró, ó wò ó, ọkọ rẹ̀ náà ń wò ó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò rọ adìẹ. Ọdẹ́jídé wá na okùn sí i.

"Àwẹ̀ró, ọjọ́ mẹ́ta ni. Wò ó. Kókó mẹ́ta."

Àwẹ̀ró wọlé, ó gbé aṣọ kan jáde, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òfì ni, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó bo àgbàlá láti ògiri dé ògiri. "Oṣù kan, fọ́nrán kan," ó ní. "Ẹ kà á."

Ó kà á. Mẹ́rìndínlógójì ni. Ọdún mẹ́ta. Ó jókòó sórí aṣọ náà, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àwẹ̀ró jẹ́ kó sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í.

"Wọ́n ti kó lọ?" Ọdẹ́jídé bi í.

"Àwọn tó ṣẹ́kù lọ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ."

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Èmi ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, èmi náà wo ilé. Ní ọjọ́ kẹjọ mo ní orúkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́bọ̀. Àwọn àgbà ní, 'Àwẹ̀ró, ṣé ọdẹ náà ti bọ̀ ni?' Mo ní n kò sọ pé ó ti bọ̀, orúkọ ọmọ mi ni mo sọ. Wọ́n ní orí mi ti dà rú. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ. Mo ní bí mo bá lọ, ta ni yóò sọ fún un pé ilé rẹ̀ nìyí?"

Etí Odò Àgọ́ọ̀ ló ti ń pọnmi láràárọ̀, lọ àti bọ̀ jẹ́ ìrìn ìdajì ọjọ́, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí Ọdẹ́jídé gbọ́ ìyẹn, ó dìde. Ó ní ìyà náà ti parí, òun ti kọ́ ọgbọ́n kan ní ìpẹ̀kun ayé. Ó mú Àwẹ̀ró lọ́wọ́, wọ́n lọ síwájú àpáta yìí, ọmọ ń tẹ̀lé wọn ní òkèèrè. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá ogójì ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní kó wo ìlà funfun ara àpáta, bó ṣe rìn, bó ṣe sọnù, bó ṣe tún yọ ní apá òsì. Ó ní àpáta ló ya, tó sì yọ̀ lọ lójú ìrán. Ó ní ìsun náà kò gbẹ, ọ̀nà rẹ̀ ló fò. Ó fi ìṣísẹ̀ wọn ibi tí ìlà náà fò dé, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó wá dúró sẹ́nu ìsun àtijọ́, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún sí òsì, ó ń fi àdá la koríko bó ṣe ń lọ, ó ń kà á sókè ketekete. Nígbà tó ka ẹ̀kẹtàdínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ilẹ̀.

Kòtò ni. Ó jìn dé èjìká obìnrin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún dáadáa, ẹni tó gbẹ́ ẹ ti gbẹ́ àtẹ̀gùn kékeré sí i fún ara rẹ̀. Òkúta ńlá kan dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, etí òkúta náà sì tutù.

Ọdẹ́jídé yíjú padà. "Ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni," Àwẹ̀ró ní. "Láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ ti lọ. Mo sọ fún yín nígbà náà pé ìlà yẹn ti fò, ẹ ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni. Òkúta ìsàlẹ̀ yẹn ni kò jẹ́. Mo ti ki igi bọ̀ ọ́ títí. Bí mo bá gbé e létí kan, kò sí ẹni tí yóò ti nǹkan bọ̀ ọ́ lábẹ́. Àwọn tí mo bẹ̀ ní kòtò wèrè ni."

Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyẹn ló dun ọkọ rẹ̀ jù.

Ọdẹ́jídé bọ́ ẹ̀wù ìyẹ́ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Àwẹ̀ró ki igi bọ abẹ́ òkúta, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, òkúta gbé etí kan sókè, Ọdẹ́jídé ti òkúta kékeré bọ̀ ọ́ lábẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣe é nígbà mẹ́rin, òkúta náà yí padà, omi sì fọ́n sókè, ó lu Ọdẹ́jídé lójú, ó gba fìlà orí rẹ̀ lọ. Kò ju àkókò tí iṣu fi ń jinná lọ. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin náà fi dúró de ọwọ́ kejì.

Ọmọ náà sún mọ́ etí kòtò. Ó wo omi, ó wo ọkùnrin tó rẹ gbingbin nínú rẹ̀. "Ìyá," ó ní, "ṣé ẹbọra yìí yóò máa bá wa gbé?"

Àwẹ̀ró ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kí i."

Omi tó wà nínú garawa yín nìyẹn. Àwọn ará ìlú gbọ́, wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé Ọdẹ́jídé gẹṣin yí ìlú ká, wọ́n ní ó rìn dé ìpẹ̀kun ayé nítorí omi. Ó jẹ́ kí wọ́n gbé e. Kò sọ ti kòtò náà fún ẹnikẹ́ni ní ọdún yẹn. Ẹ má pa òwe Sókótó fún mi, mo ti gbọ́ ọ tó. Ìdí tí n kò fi pe ọkùnrin náà ní èmi nìyẹn. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sọ òtítọ́ fún lẹ́nu ọ̀nà, tó lọ fi ọdún mẹ́ta gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì, tí ọmọ rẹ̀ sá fún un bí ẹbọra, ojú rẹ̀ ń tì mí. N kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́ mi.

Àwẹ̀ró ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ dákẹ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ọdẹ́bọ̀, ẹ kò sọ ọ́ tán. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ padà dé. Ìyẹn náà wà nínú ìtàn."

Ó dára. Mo dé. Garawa ta ló kàn?